Ọtí Lára Ẹni Tí Iná Jó

Bí iná bá jó ènìyàn ní Òṣogbo, ìbáà ṣe nídìí agbada àkàrà ní Ìgbọ̀nà tàbí ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lẹ́bàá títì, ohun tí àwọn tí ó sáré débẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni ohun tí ó jó o, ibi tí ó jó o dé, àti ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù lọ. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ wà lára ohun tí yóò sọ bóyá ojú iná náà yóò san láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí yóò di ohun tí ń lé ẹ̀mí kiri: ǹjẹ́ ẹni náà ti mu ọtí kí iná tó jó o? Ìbéèrè náà ni ọ̀rọ̀ orí rédíò yìí dá lé lórí. Ẹjọ́ bóyá ọtí mímu dára tàbí kò dára, àwọn pásítọ̀, àwọn àáfà àti àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣe é tipẹ́. Ohun tí ọtí ń ṣe nínú ara tí iná ti bà jẹ́ ni a óò tú palẹ̀ níhìn-ín.

Iná ńlá ni ìròyìn rẹ̀ máa ń kárí ayé. Ọ̀pá epo gbaná ní Jesse ní ìpínlẹ̀ Delta ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,000. Òmíràn gbaná ní Abúlé Ẹ̀gbà ní Èkó ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006. Ọkọ̀ epo gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018. Ṣùgbọ́n iná tí ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn lójoojúmọ́ kì í sábà dé inú ìwé ìròyìn: omi gbígbóná tí ó dà lé ọmọdé lórí, kẹrosíìnì tí wọ́n ti pò mọ́ bẹntiróòlù kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á, sílíńdà gáàsì tí ẹnu rẹ̀ ń jò, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń da epo sí nígbà tí ó ṣì ń ké, àti wárápá tí ó gbé obìnrin ṣubú sínú ààrò. Ọtí ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ti yó ni ó ń sùn lọ pẹ̀lú sìgá tí a ti tàn lọ́wọ́, òun náà ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nídìí kẹ́ẹ̀gì epo. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó ṣàjèjì ni pé ọtí kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n bá ti pa iná tán.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí awọ ara ń ṣe. Awọ ni ẹ̀yà tí ó tóbi jù lọ lára ènìyàn: òun ni ó ń dá omi ara dúró sínú, òun ni ó ń bójú tó ooru àti òtútù, òun náà ni ó sì ń dènà bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n wà lórí gbogbo nǹkan tí a ń fọwọ́ kàn. Ibi tí iná bá ti jó awọ kọjá, kò sí ìdènà níbẹ̀ mọ́, ẹran ara tí ó ti kú lórí ojú iná sì di oúnjẹ fún bakitéríà. Bí iná bá ti gbòòrò tó ṣe pàtàkì púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ní ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti fojú wọ̀n ọ́n: àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí iná jó gan-an, pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ ní pípapọ̀, jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 awọ ara rẹ̀. Bí ojú iná àgbàlagbà bá ti ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ, ọ̀rọ̀ náà kì í tún ṣe ti ojú iná nìkan mọ́, nítorí pé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara yóò máa jò, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn sínú ẹran ara, ojú àti ọwọ́ yóò wú, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ọkàn yóò sì dínkù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ní ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, mìlílítà 4 ni wọ́n ń ṣírò fún kílò kọ̀ọ̀kan lára ènìyàn, ní ìlọ́po iye ìdá tí iná jó. Ẹni tí ó wọn kílò 60, tí iná sì jó ìdá 20 nínú 100 lára rẹ̀, yóò gba 4,800 mìlílítà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 5, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìdajì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iná ti jó o, kì í ṣe láti ìgbà tí ó dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí omi ń sọnù báyìí, ètò ààbò ara náà ti gbéra. Ètò ààbò ara ni orúkọ tí a lè pe àpapọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì àti àwọn èròjà tí ara fi ń bá àìsàn jà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sì ni òpó rẹ̀. Oríṣi kan wà lára wọn tí ń kọ́kọ́ dé ibi ọgbẹ́, tí ń pa bakitéríà tí òun pàápàá sì ń kú síbẹ̀, èyí tí ó ń di ọyún. Oríṣi kejì ń gbé bakitéríà àti ẹran ara tí ó ti kú mì. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, ń dá ọ̀tá mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń darí àwọn yòókù. Wọ́n ń fi àwọn èròjà kan ránṣẹ́ sí ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni interleukin-6, tí ó yẹ kí olùgbọ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn nítorí pé yóò tún jẹyọ. Bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ dà bí ti àwọn ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọjà lóru: bí wọ́n bá gbọ́ ìró, tí wọ́n dé ibẹ̀ kíákíá, tí wọ́n mú olè, tí wọ́n sì padà sí àyè wọn, ọjà yóò tòrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dé, tí wọ́n wá ń yìnbọn káàkiri nínú òkùnkùn, àwọn ọlọ́jà ni ìbọn yóò bà.

Iná nìkan, láìsí ọtí rárá, tó láti da ètò náà rú. Lẹ́yìn ìjóná ńlá, èròjà tí ń kéde ogun máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, lẹ́yìn náà ni agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì T yóò wálẹ̀, aláìsàn yóò sì di ẹni tí àrùn lè tètè mú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò kú lọ́jọ́ tí iná jó o lè kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí àwọn ará ilé yóò sì máa wí pé ara rẹ̀ ti ń yá tẹ́lẹ̀.

Ọtí dé sí àárín rúdurùdu yìí. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti tọpinpin rẹ̀ jù lọ ni Yunifásítì Loyola ní Maywood, lẹ́bàá ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Elizabeth Kovacs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, tí wọ́n sì tẹ àbájáde kan jáde ní 1997. Eku kéékèèké ni wọ́n lò. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: àwọn kan kò rí ọtí bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí iná, àwọn kan gba ọtí nìkan, àwọn kan jóná nìkan, àwọn tí ó kù sì gba ọtí kí wọ́n tó jóná. Wọ́n fi oògùn kùn wọ́n lóorun kí wọ́n má baà mọ ìrora náà lára, ojú iná wọn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 awọ ara. Ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ wọn tó nǹkan bí mílígíráàmù 150 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì 80 tí òfin ilẹ̀ England gbà fún awakọ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fún wọn lọ́tí. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀mùtí paraku nínú wọn.

Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn eku tí ọtí àti iná papọ̀ lára wọn ni agbára wọn wálẹ̀ jù: sẹ́ẹ̀lì T wọn kò lè pọ̀ sí i bí ó ti yẹ nígbà tí ọ̀tá dé, ara wọn kò dáhùn dáadáa sí ohun àjèjì tí a fi sábẹ́ awọ wọn, interleukin-6 inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga kọjá ti àwọn tí iná nìkan jó. Nígbà tí wọ́n fi bakitéríà kan tí ó máa ń wọ ojú iná, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pseudomonas, sí ojú iná wọn, àwọn tí ó ní ọtí lára ni wọ́n kú jù. Ẹ̀rí tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù lọ tẹ̀lé èyí, nítorí pé nígbà tí àwọn onímọ̀ náà dí ọ̀nà mọ́ interleukin-6, apá kan nínú agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì T padà wá. Èyí fi hàn pé kì í ṣe pé ọtí kàn ń mú ara rẹlẹ̀ lásán. Ohun kan pàtó ni ó ń bà jẹ́, èyíinì ni ìránṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara wọn.

Ní yunifásítì kan náà, Mashkoor Choudhry àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yíjú sí ìfun. Inú ìfun ènìyàn kún fún bakitéríà, tí kò sì pa á lára níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró síbẹ̀, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ògiri ìfun fara mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bí iná bá jó ènìyàn, ara máa ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ìfun lọ sí ọkàn àti ọpọlọ. Ọtí náà sì máa ń tú ìsomọ́ra àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ògiri ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bakitéríà àti májèlé wọn á gba ibẹ̀ kọjá sínú àwọn kókó tí ó wà lẹ́bàá ìfun, wọn á dé ẹ̀dọ̀, wọn á sì ti ibẹ̀ ru ètò ààbò ara sókè káàkiri. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà máa ń jìyà rẹ̀ jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á ya bo ibẹ̀, wọn á kóra jọ láìsí ọ̀tá tí ó tó wọn jà, àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà á wú, àrùn òtútù àyà á sì rí ibùgbé. Àwọn ará ilé á wá máa ṣe kàyéfì pé ẹsẹ̀ ni iná ti jó ọ̀gbẹ́ni yìí, kí ló dé tí ó jẹ́ àyà ni ó fẹ́ pa á.

Eku kì í ṣe ènìyàn, kò sì yẹ kí a gbé gbogbo ohun tí a rí lára eku ka ènìyàn lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn dókítà rí ní ìyẹ̀wù àwọn tí iná jó ní Amẹ́ríkà kò jìnnà sí i: nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbé wá, iye tí ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó nǹkan bí ìdajì ní àwọn ibùdó kan, àwọn wọ̀nyí sì ni àrùn ń tètè mú, tí wọ́n ń pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ikú sì ń pa jù, bí ojú iná wọn kò tilẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí ń mutí lójoojúmọ́ kì í jẹun dáadáa, ó sì lè máa mu sìgá, nítorí náà kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ọtí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn ará Maywood fi ṣe pàtàkì, nítorí pé eku kì í mu sìgá, oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ.

Ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ náà ní ìdíjú kan tí Chicago kò ní. Bíà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọtí, Iléṣà pàápàá sì ni ilé ìpọntí tí bíà Trophy ti ń jáde wà. Ẹmu àti ògógóró, ọtí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n paraga tí alágbo ń tà ní gáréjì, níbi tí egbò àti èèpo igi ti rẹ sínú ògógóró, oògùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é: ti jẹ̀dí ni, ti ọ̀pá ẹ̀yìn ni, ti ibà ni. Bí nọ́ọ̀sì bá bi bàbá kan tí iná jó pé, “Bàbá, ṣé ẹ mu ọtí lónìí?” bàbá lè fi gbogbo ẹnu dáhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi, mi ò kí ń mutí,” kò sì ní purọ́ lójú ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ife paraga méjì ti wọ inú rẹ̀ láti àárọ̀. Ìbéèrè tí ó lè mú òtítọ́ jáde ni, “Bàbá, kí lẹ ti mu láti àárọ̀? Ṣé ẹ yà lọ́dọ̀ alágbo?” Ọtí inú ọ̀rá náà wà níbẹ̀, èyí tí àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè ní oṣù Kejì ọdún 2024 pẹ̀lú ti inú ìgò kékeré, kí wọ́n tó tún fún àwọn tí ń ṣe é ní àsìkò sí i. Nítorí pé ọ̀rá náà kéré, tí ó sì ń ta lẹ́nu, àwọn ènìyàn gbà pé òun ni ó burú jù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá oní-30 mìlílítà tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ní mìlílítà 12 ojúlówó ọtí nínú, nígbà tí ìgò bíà oní-600 mìlílítà tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní 30. Ẹni tí ó ní ìgò bíà kan péré ni òun mu ti mu ju ọ̀rá méjì lọ.

Bí dókítà bá mọ ohun tí aláìsàn ti mu gan-an, ọ̀nà tí yóò gbà tọ́jú rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ọtí ń mú kí ènìyàn máa tọ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára tó. Bí wọn kò bá mọ̀ pé ọtí ni ó ń ti ìtọ̀ náà jáde, wọ́n lè rò pé omi ti tó nígbà tí ara ṣì ń gbẹ. Oògùn tí ń pa ìrora líle lè fa mímí sẹ́yìn bí ó bá bá ọtí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ń mu lójoojúmọ́ sì ní ewu mìíràn: ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí kò rí ọtí, ọwọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó máa làágùn, kí ó máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí gìrì tilẹ̀ mú un. Àwọn ẹbí lè rò pé ayé ti gbé ìjà wá, kí wọ́n sì fẹ́ gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tú u sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ara tí ọtí ti mọ́ lára ni ó ń bèèrè ọtí, tí oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ dókítà, pẹ̀lú fítámì B1 tí ọtí ti tán lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wà ní àrọ́wọ́tó àwọn ará agbègbè yìí. Ibi tí ó yẹ kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sí nìyẹn.

Kí wọ́n tó gbé e débẹ̀, omi tútù tí ń ṣàn ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, fún ìṣẹ́jú 20, ó sì ṣì wúlò títí di wákàtí 3 lẹ́yìn tí iná ti jó o. Omi dídì kò dára. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹyin tútù, ògì, ọṣẹ ìfọyín, epo ẹ́ńjìnnì àti ìgbẹ́ màlúù kò gbọ́dọ̀ kan ojú iná, nítorí pé bakitéríà tuntun ni wọ́n ń gbé wọ ibi tí ìdènà ti wó, àrùn ipá sì lè tẹ̀lé e. Ògógóró tí àwọn kan ń dà sí ojú iná láti fi pa kòkòrò, ẹran ara tí ó kù láàyè ni ó ń pa, èéfín rẹ̀ sì lè gbaná. Ẹmu tàbí ògógóró tí wọ́n fi ń rọ aláìsàn kí ìrora lè dín sì ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ di ẹni tí ọtí àti iná papọ̀ lára rẹ̀.

Ọtí lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ tí ó ṣe sí ètò ààbò ara kì í bá a lọ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń sọ fún aláìsàn pé kí ó jìnnà sí i títí ojú iná yóò fi san tí awọ tuntun yóò sì fi bò ó, pàápàá ẹni tí wọ́n bá gé awọ láti itan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú iná. Oògùn kan tí wọ́n sábà máa ń fúnni, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Flagyl, pàápàá kì í bá ọtí ṣe.

Bí ẹni tí iná jó bá ti mu nǹkan, kí ẹni tí ó bá gbé e lọ mú ìgò tàbí ọ̀rá náà dání, kí wọ́n má sì da ìyókù tí ó wà nínú rẹ̀ nù. Kì í ṣe orúkọ ọtí nìkan ni dókítà nílò. Ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mu ògógóró kò ríran mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mẹtanọ́ọ̀lì ni ó wà nínú ohun tí wọ́n mu, ọtí olóró tí ojú àti ahọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́jú tirẹ̀, ìtọ́jú náà sì gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀, yálà iná jó ènìyàn tàbí kò jó o.